Súpà gúlúù lára bírò onígi: kí ló ń mú un ṣú funfun, tí etí rẹ̀ sì ń ṣí?

Ayígi Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ igi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bírò onígi ni mo ń ṣe. Mo máa ń gé igi sí kékeré, n óo lu ihò sí i láti orí dé ìdí, n óo fi páìpù idẹ sínú ihò náà, lẹ́yìn èyí ni n óo gbé e sórí léètì láti yí i títí yóò fi rí roboto, tí yóò sì rọrùn láti dì mú. Ìrókò, apá àti igi osùn ni mo sábà máa ń lò, nítorí pé àjákù wọn kì í ṣòro rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó.

Fáníìṣì tí àwọn káfíńtà ń kùn sára àga ni mo fi ń parí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ tètè máa ń jẹ ẹ́, kì í sì í pẹ́ tí ibi tí ìka máa ń wà yóò fi ṣá. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo súpà gúlúù, tí mo rí i pé àwọn ayígi lókè òkun fi ń dán bírò tiwọn. Nígbà tí ó bá bọ́ sí i, ó máa ń wu ojú í rí: ó ń dán, ó le, àwọ̀ igi sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀ kedere.

Ohun méjì ló ń dààmú mi. Àkọ́kọ́ ni pé, pàápàá láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, gúlúù náà máa ń ṣú funfun lára igi bí ó bá ti ń gbẹ, ó sì máa ń burú sí i bí mo bá fín sípíréè tó ń mú un yá gbẹ sí i. Èkejì ni pé, bí mo bá ti to bírò náà tán, tí ẹni tó rà á sì ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, etí gúlúù náà, níbi tí igi ti pàdé òrùka irin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ṣíṣe? Ṣé òróró lísíìdì tí àwọn kan ń lò pẹ̀lú rẹ̀ ló yẹ kí n máa lò ni? Ìpele mélòó ni gúlúù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n tó máa dán an?

Àgbà Léètì

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Kí o tó yí ọwọ́ padà, ó yẹ kí o mọ ohun tó ń mú gúlúù yìí gbẹ. Fáníìṣì máa ń gbẹ nítorí pé tínà inú rẹ̀ ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ti súpà gúlúù yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ọ̀rinrin gan-an ló ń mú un gbẹ: ìwọ̀nba omi tín-ín-tín tó wà lára igi àti nínú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí àwọn èròjà inú rẹ̀ so kọ́ ara wọn, tí wọ́n fi ń di ike líle. Bí afẹ́fẹ́ bá wá kún fún omi, bí ó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa ní àárọ̀ ìgbà òjò, tí ọ̀rinrin rẹ̀ ń ju ìdá 80 nínú 100 lọ, èéfín tó ń jáde lára gúlúù tí kò tíì gbẹ yóò pàdé omi yẹn lókè, yóò di ìyẹ̀fun funfun, yóò sì padà wá bà lé iṣẹ́ rẹ. Bí gúlúù tí o fi sí i lẹ́ẹ̀kan bá ṣe pọ̀ tó ni èéfín náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ti sípíréè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó máa ń mú kí gúlúù gbẹ lójijì, kí ó gbóná, kí ó sì hó, àwọn ìhó kéékèèké yẹn yóò sì há sínú rẹ̀. Kò sí sáńpépà tó lè yọ ìhó tó ti há sínú gúlúù, àfi kí o họ ọ́ dànù dé ibẹ̀.

Nítorí náà, gbé sípíréè yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, dúró di ọ̀sán tí oòrùn bá yọ. Bí o bá sì ní bọ́ọ̀bù oníná tó ń móoru, tan án sí ẹ̀gbẹ́ léètì ṣáájú kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí igi náà lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Sáńpépà 150 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, n óo sì gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 600. Ní ìparí sáńpépà kọ̀ọ̀kan, n óo dá léètì dúró, n óo sì fi ọwọ́ yún igi náà ní gígùn, kí àwọn ìlà roboto tí yíyí rẹ̀ fi sílẹ̀ lè parẹ́. Má ṣe fo apá yìí o. Lábẹ́ fáníìṣì, ìlà kékeré lè fara pamọ́. Lábẹ́ gúlúù tó ń dán bíi dígí, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn sí gbangba. Lẹ́yìn náà ni n óo fi asitóònù díẹ̀ (irú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) nu igi náà, kí eruku àti epo ojú rẹ̀ lè kúrò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìrókò tàbí igi mìíràn tó ní epo lára, nítorí pé gúlúù kì í fẹ́ràn epo. Gbàrà tí asitóònù bá ti gbẹ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í fi gúlúù sí i, kí epo inú igi tó tún yọ wá sí ojú.

Tíṣù funfun tí kò ní àwòrán ni kí o ká ní ìlọ́po mẹ́rin. Kán gúlúù bíi ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i. Jẹ́ kí léètì máa yí jẹ́jẹ́, bíi ìgbà 600 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan, gbé tíṣù náà sí abẹ́ igi tó ń yí, fà á láti etí kan dé etí kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí o bá padà fi tíṣù kan ibi tí gúlúù ti ń di, yóò fà á, yóò sì fi ìlà sílẹ̀ síbẹ̀. Gúlúù olómi ni kí ìpele méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́, nítorí pé òun ló ń wọ inú igi ṣinṣin. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o lọ sí èyí tó ki díẹ̀, òun ló ń kún ojú igi. Fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí o tó fi òmíràn lé e.

Ní ti iye ìpele, wàá gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan á ní 6 tó, àwọn kan á ní kò gbọdọ̀ dín ní 20. Lójú tèmi, láàárín 8 sí 12 ti tó fún igi tí ojú rẹ̀ dí. Ìrókò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ojú ihò rẹ̀ tóbi. Bí o kò bá kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun igi náà gan-an àti gúlúù olómi dí àwọn ihò yẹn, wàá máa da gúlúù sínú ihò ni, ojú rẹ̀ kò sì ní tẹ́jú.

Ohun tí wàá fi mọ̀ pé ó ti tó ni èyí: fi sáńpépà 400 tàbí 600 yún gúlúù náà jẹ́jẹ́, nu ún, kí o sì gbé e sí abẹ́ ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣá bákan náà, láìsí ibi kankan tó ń dán. Bí o bá rí ààmì kéékèèké tó ṣì ń dán, ibẹ̀ jìn ju ibi yòókù lọ, sáńpépà kò tíì kàn án. Yún un sí i díẹ̀. Bí o bá sì ń bẹ̀rù pé o ti fẹ́ kan igi, fi ìpele mìíràn lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kánjú kọjá ibí yìí lọ sí dídán, tí ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú àwọn kòtò kéékèèké yẹn á wá há síbẹ̀, tí wọ́n á sì máa sọ pé gúlúù àwọn ti bàjẹ́.

Tí ojú rẹ̀ bá ti ṣá délẹ̀, pèlèbé Micro-Mesh 9, ìyẹn sáńpépà ìdán tó kúnná gan-an, tó lọ láti 1500 dé 12000 ni kí o fi dán an pẹ̀lú omi díẹ̀, kí léètì rọra máa yí. Má ṣe fo èyíkéyìí nínú wọn. Ìyókù kò le: nu ún gbẹ, fi oògùn tí wọ́n ń fi dán iná iwájú mọ́tò sí i, ó tán.

Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ etí tó ń ṣí, nítorí pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò rárá. Bí gúlúù bá kọjá láti orí igi sórí búùṣì, ìyẹn irin roboto tó ń gbé igi dúró ní etí rẹ̀ lórí léètì, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì yóò dì. Nígbà tí o bá ń fa búùṣì yọ, etí gúlúù yóò fọ́ wẹ́wẹ́, bí ojú kò tilẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Ibi ìfọ́ yẹn ni omi àti òógùn yóò gbà wọlé. Bí o bá ti yí igi náà dé ìwọ̀n tí o fẹ́, yọ búùṣì irin kúrò kí o tó fi gúlúù kankan sí i, kí o sì fi búùṣì oníke rọ́pò rẹ̀, irú ike funfun tí wọ́n fi ń ṣe pákó ìgé-ẹ̀fọ́. Gúlúù kì í lẹ̀ mọ́ irú ike bẹ́ẹ̀. Wo ìgò tí wọ́n ń ta gúlúù náà nínú rẹ̀: irú ike bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí gúlúù kò fi lẹ̀ mọ́ ọn. O lè gé pákó ìgé-ẹ̀fọ́ kan, kí o yí i lórí léètì rẹ fúnra rẹ. Kí o sì tó dé orí omi àti Micro-Mesh, kán gúlúù olómi sí ojú igi ní etí méjèèjì láti dí i, nítorí pé etí yẹn ni igi ti ń mu omi jù lọ, bí ó bá sì ti mu ún, yóò wú, yóò sì ti gúlúù sókè. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, gbé sáńpépà lé orí nǹkan tó tẹ́jú, kí o fi etí igi náà yún un díẹ̀ kí ó lè gún régé, kí o sì fi fáìlì roboto nu inú páìpù idẹ mọ́. Gúlúù tó bá wọ inú páìpù máa ń jẹ́ kí ó há nígbà tí a bá ń ti irin bọ̀ ọ́, ìtì yẹn náà sì máa ń la igi.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa ìlera, nítorí pé kò sí ẹni tó ti mẹ́nu kàn án. Èéfín gúlúù yìí máa ń ta ojú àti imú gidigidi, ó sì máa ń pọ̀ jù lọ lásìkò tí gúlúù bá ń gbóná. Fáànù ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ó máa gbé èéfín náà gba ojú fèrèsé jáde; ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí iṣẹ́ náà tààrà, eruku ni yóò máa kó wá. Awò ààbò ṣe pàtàkì bákan náà, nítorí pé gúlúù lè ta láti ara igi tó ń yí sójú ẹni. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ ń mú ara yún àwọn kan, ó sì ń dí wọn ní imú, nítorí náà ẹ lo ìbòmú láti ìgbà tí ẹ bá ti ń yún igi.

Ẹ má ṣe lo aṣọ òwú dípò tíṣù, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú. Bí súpà gúlúù tó pọ̀ bá kan òwú, ó máa ń gbóná lójijì débi pé ó lè rú èéfín, ó sì lè jó awọ ara. Ìbọ̀wọ́ ike ni kí ẹ lò.

Ní ti òróró lísíìdì, àwọn ayígi níbí kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń kán òróró náà sí tíṣù kan náà pẹ̀lú gúlúù, kí tíṣù lè máa yọ̀ lára igi láì lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ igi náà sì máa ń jinlẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn ní òróró àárín ìpele ń sọ gúlúù di ẹlẹgẹ́. Mo wà lẹ́yìn àwọn ti ìkẹyìn yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ igi jinlẹ̀, gúlúù olómi àkọ́kọ́ yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìtàn gúlúù yìí fúnra rẹ̀ bá ohun tí Bàbá sọ nípa omi mu. Ọdún 1942 ni Harry Coover àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bá a pàdé, nígbà tí wọ́n ń wá ike tó mọ́ gaara fún awò ìfojúsùn ìbọn. Wọ́n pa á tì, torí pé gbogbo ohun tó bá fara kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Ní 1951 ni Coover tún padà sí orí rẹ̀, tó sì rí i pé lílẹ̀ yẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Ó dé ọjà ní 1958. Kò sí ohun tí omi tín-ín-tín kò sí lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Adùnní Oníṣọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà dá lórí gúlúù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí arákùnrin wa rò ó wò bóyá gbogbo bírò ló yẹ kí a fi gúlúù bò. Lára àwọn tó ń ra iṣẹ́ mi, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé bírò tí wọ́n fi gúlúù dán dà bí ike lọ́wọ́ àwọn, pé igi ni àwọn fẹ́ dì mú. Fún irú wọn, ṣẹ́láàkì, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń ṣe ní Íńdíà, ni mo ń fi ra igi náà lórí léètì, n óo sì fi ìda oyin lé e. Òtítọ́ ni pé òógùn máa ń jẹ òun náà, kò sì le tó gúlúù, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bírò náà kò sì ní dà bí ohun tó ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde. Gúlúù ní tirẹ̀ le, àmọ́ ó gan. Bí bírò bá já lu sìmẹ́ǹtì, ó lè sán.

Ayígi Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Ẹ̀yin Bàbá, ọ̀rọ̀ búùṣì yẹn ló jọ mí lójú jù, nítorí pé mo máa ń gbọ́ "kẹ́" nígbà tí mo bá ń yọ búùṣì, n kò sì kà á sí. Ìyá Adùnní, àwọn oníbàárà tèmi ń fẹ́ ohun tó ń dán, torí pé ẹ̀bùn ni wọ́n sábà máa ń rà á fún, ṣùgbọ́n n óo dán ṣẹ́láàkì wò lára apá.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé gúlúù inú túùbù kékeré tí wọ́n ń kiri ní títì dára fún iṣẹ́ yìí? Bí mo bá fi asitóònù nu igi osùn, pupa ló ń yọ sí tíṣù ṣáá. Ṣé kò léwu? Àwọn bírò tí etí wọn ti ṣí, tí àwọn oníbàárà ti dá padà, ṣé wọ́n ṣì ṣe é tún ṣe?

Àgbà Léètì

Gúlúù inú túùbù kékeré ṣe é lò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé olómi ni púpọ̀ nínú wọn, o kò sì ní rí èyí tó ki fún ìpele òkè. Ohun mìíràn ni pé o kò mọ bí ó ti pẹ́ tó nínú oòrùn. Gúlúù tó ti ń ki bí oyin nínú túùbù rẹ̀ kò yẹ iṣẹ́ bírò. Ra èyí tó wà nínú ìgò, dé e dáadáa, kí o sì fi í sínú abọ́ ọlọ́mọrí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun láti fa ọ̀rinrin. Àwọn tó wà lókè òkun ń tọ́jú tiwọn sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, abọ́ yẹn ló dájú jù. Bí o bá tilẹ̀ fi í sínú fíríìjì, má ṣe ṣí i títí òtútù ara rẹ̀ yóò fi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì yóò wọ inú ìgò.

Ti osùn kì í ṣe ewu. Aró pupa inú igi náà kì í yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n asitóònù àti ọtí máa ń yọ́ ọ. Bí bírò náà bá jẹ́ osùn nìkan, máa nu ún lọ. Bí o bá so osùn pọ̀ mọ́ igi funfun nínú bírò kan náà, má ṣe fi asitóònù kàn án rárá, nítorí pé pupa yóò ṣàn wọ inú funfun, kò sì ní jáde mọ́. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ tí àwọn fọ́ọ́kanáísà fi ń fẹ́ táyà ni kí o fi gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí o sì rí i pé ìpele gúlúù olómi àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́ gan-an, kí òun náà má baà wọ́ àwọ̀ náà lọ.

Àwọn èyí tó ti ṣí ṣe é tún ṣe. Fi ọ̀pá irin tó wọ inú páìpù ti àwọn irin bírò náà jáde láti ẹ̀yìn, rọra máa lù ú, kí o sì gbé igi náà padà sórí léètì. Sáńpépà 240 ni kí o fi họ gúlúù àtijọ́ kúrò títí dé ojú igi. Má ṣe rì í sínú asitóònù kí gúlúù ojú rẹ̀ lè tètè yọ́, torí pé gúlúù tí o fi lẹ páìpù mọ́ inú igi yóò bá a yọ́. Ṣọ́ra kí o má họ igi náà kọjá ìwọ̀n òrùka irin, nítorí pé bí igi bá ti kéré ju òrùka lọ, èékánná yóò máa kọ́ ọ níbẹ̀. Bí ó bá sì ti kéré díẹ̀, ìpele gúlúù tuntun méjì tàbí mẹ́ta sí i yóò dí àlàfo náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Kí ẹ tó ti irin bírò padà sínú páìpù lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, ẹ fún gúlúù náà ní ọjọ́ kan gbáko. Ojú rẹ̀ yóò ti le láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń gbẹ lọ. Bí ẹ bá sì fi agbára tì í lásìkò yẹn, etí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lè tún sán.